Omi Tó Tòrò Kọ́ Ni Omi Tó Mọ́: Àkíyèsí lórí Ewé Omi, Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ àti Èdè Ìkìlọ̀

 

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ nípa adágún ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí àwọn ará ìgboro ń pè ní súwímíìn-púùlù. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ nípa kílórínì, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́místírì ni ó yẹ kí ó gbà lọ. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí mo gbé wá ní ojú méjì. Ojú kìíní ni ti omi fúnra rẹ̀: kí ni ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó tún wọ inú adágún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn tọ́jú nítorí pé ó di àwọ̀ ewé? Ojú kejì ni ti ọ̀rọ̀: kí ni a kọ sára agolo oògùn náà, ta ni ó lè kà á, kí ni a sì ṣe fún ẹni tí kò lè kà á ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ojú kejì yìí kì í ṣe ti onímọ̀ kẹ́místírì nìkan. Tiwa ni.

Ọ̀RỌ̀ MẸ́TA TÍ A NÍ FÚN OMI

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti múlẹ̀. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nípa omi tí ó wu ojú. A máa ń sọ pé omi tòrò. A máa ń sọ pé omi mọ́. A sì máa ń sọ pé omi dára. Bí a kò bá wò ó fínnífínní, a ó rò pé ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí a bá pọn omi odò lẹ́yìn òjò ńlá, tí a dà á sínú àmù títí ilẹ̀ fi mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ a silẹ̀, omi a sì tòrò. Ọ̀ràn ìfarabalẹ̀ ni títòrò jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìlú tòrò nígbà tí ìjà bá parí, tí a sì ń sọ pé ìlú rú nígbà tí ìjà bá dé. Títòrò àti rírú ni ó kọjú sí ara wọn. Mímọ́ ní tirẹ̀ kò bá rírú jà. Ẹ̀gbin ni ó ń bá jà. Ìlú lè tòrò kí ìwà ìbàjẹ́ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi lè tòrò kí ohun tí yóò gbé ènìyàn dè lórí ibùsùn sì wà nínú rẹ̀. Dídára tún ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé omi kì í dára lásán. Ó ní ohun tí ó dára fún. Omi òkun dára fún ẹja inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Àwọn ìyá wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Obìnrin tí ó ju álọ́ọ̀mù sínú omi kànga mọ̀ pé ẹrẹ̀ ni òun ń lé silẹ̀. Bí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mu nínú omi náà, yóò tún gbé e kaná. Álọ́ọ̀mù mú omi tòrò. Iná ni ó mú un dára fún mímu. Iṣẹ́ méjì ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé láti inú dída ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí pọ̀ mọ́ra ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ewu tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí ti ń wá.

OHUN TÍ Ń HÙ NÍNÚ OMI

Ẹni tí ó bá mọ ọfọ̀ Yorùbá mọ ojúoró àti òṣíbàtà. Orí omi ni àwọn ewé méjèèjì yìí máa ń lékè sí, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àwọn baba wa fi ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wá ìlékè lórí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú omi tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan. Kò ní gbòǹgbò, kò ní ìtànná, kò ní igi. Nígbà tí ó bá pọ̀ tán ni a tó ń mọ̀ pé ó wà: omi a di àwọ̀ ewé, ara ògiri adágún a sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nínú àsọyé yìí, ewé omi ni n ó máa pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ kò ka gbogbo irú rẹ̀ mọ́ ewéko.

Ohun mẹ́rin ni ewé omi ń fẹ́: ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, oúnjẹ, àti àìtó kílórínì. Oúnjẹ rẹ̀ kò jìnnà. Òógùn àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́, ìtọ̀ àwọn ọmọdé, ewé tí ó jábọ́, eruku tí ọyẹ́ gbé wá, gbogbo rẹ̀ ni ó ń jẹ. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gbóná bíi tiwa, adágún tí a pa tì kò pẹ́ rárá kí ó tó yí àwọ̀ padà.

Ewé omi tí ó wọ́pọ̀ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kì í sábà ṣe ènìyàn ní ibi fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. Ibi tí ó bá ti rí ààyè hù, ó ń jẹ́rìí pé kílórínì tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kò sí mọ́, àwọn kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, etí dídùn àti ara yíyún náà sì lè ti rí ààyè. Ó tún ń jẹ ìwọ̀nba kílórínì tí ó kù tán, ó ń mú kí ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì ń bo ìsàlẹ̀ omi mọ́ wa lójú.

Mo gbọ́dọ̀ ya ìbátan rẹ̀ kan sọ́tọ̀. Nínú àwọn adágún gbangba tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn, irú kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé àti ti aró pọ̀, tí ó sì lè tú májèlé sínú omi. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ní agbègbè Toledo, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ni a kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má ṣe mu omi ẹ̀rọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, nítorí irú májèlé bẹ́ẹ̀ tí ó ti inú Adágún Erie wá. Síse omi náà kò lè lé májèlé ọ̀hún kúrò. Nítorí náà, bí ọ̀sà tàbí odò gbangba bá ṣàdédé di àwọ̀ ewé, kì í ṣe ọ̀ràn à ń da oògùn sí i. Kí a jáde kúrò nínú rẹ̀ ni, kí a sì kó ọmọ àti ẹran ọ̀sìn wa jáde.

RIO DE JANEIRO, 2016

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí gbogbo ayé ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2016, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíìlì, adágún tí àwọn òmòòkùn ń bẹ́ sí ní ibùdó Maria Lenk yí padà kúrò ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ó di àwọ̀ ewé. Kò pẹ́ tí adágún tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù inú omi, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní irú àwọ̀ kan náà. Oríṣiríṣi àlàyé ni ó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó yá, àwọn aláṣẹ ìdíje náà ṣàlàyé pé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, wọ́n ti da 80 lítà hydrogen peroxide sínú àwọn adágún náà. Oògùn yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì fi máa ń fọ egbò. Òun ni ó sọ kílórínì inú omi di aláìlágbára, tí ewé omi àti àwọn nǹkan mìíràn fi rí ààyè.

Ẹ kíyè sí i. Oògùn ìwẹ̀nùmọ́ ni kílórínì. Oògùn ìwẹ̀nùmọ́ ni hydrogen peroxide pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ojú ìmọ́tótó lásán wò ó yóò rò pé bí méjèèjì bá pàdé, ìmọ́tótó yóò di ìlọ́po méjì. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀kan ń pa agbára èkejì. Àwọn àgbà wa sọ pé àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Bí wọ́n bá jẹ́ onímọ̀ kẹ́místírì, wọn ì bá tí sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn aláṣẹ sọ pé omi náà kò lè ṣe àwọn eléré ní ibi. Síbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù inú omi ráhùn pé ojú ń ta àwọn, lẹ́yìn tí a ti da kílórínì kún omi kí àwọ̀ rẹ̀ lè padà. Ní ti àwọn obìnrin tí ń jó ijó ìlúwẹ̀ẹ́ ní àjùmọ̀ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ara wọn lábẹ́ omi kí ẹsẹ̀ wọn tó lè bára mu. Nítorí tiwọn ni a ṣe fa omi adágún kan gbẹ pátápátá, tí a sì fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.7 lítà omi láti inú adágún ìfidánrawò rọ́pò rẹ̀. Ìpinnu yìí fi hàn wá pé ó ní ohun tí oògùn kò lè tètè ṣe: kò lè dá ìríran padà ní kíákíá.

FALL RIVER, 2011

Ẹ̀kọ́ kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2011, ní ìlú Fall River, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, obìnrin ẹni ọdún 36 kan rì nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti ìjọba. Omi náà rú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rí i. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí adágún náà, àwọn ènìyàn sì lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún ṣí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìlú pàápàá wá wo ibẹ̀ láàárín àkókò yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 28 ni òkú rẹ̀ tó léfòó, tí a sì mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀.

N kò sọ ìtàn yìí láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí mò ń wí ni pé títòrò kò já mọ́ nǹkan kan. Títòrò kò tó, ṣùgbọ́n kò ṣeé fojú fò. Ẹni tí ó bá ń rì kì í sábà pariwo. Ẹnu rẹ̀ ń wá èémí, kò ráyè ọ̀rọ̀. Ojú ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ nìkan ni ó lè gbà á là, ojú yìí kò sì ríran nínú omi rírú. Nítorí náà, ìbéèrè wa kì í ṣe yálà kí omi tòrò tàbí kí ó mọ́. Ó gbọ́dọ̀ tòrò kí a lè rí ara wa; ó gbọ́dọ̀ mọ́ kí àìsàn má baà wá; lẹ́yìn náà, ó gbọ́dọ̀ dára fún awọ ara, ojú àti èémí, kí oògùn tí a fi wẹ̀ ẹ́ mọ́ má baà di ìyọnu mìíràn.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ TI LO OÒGÙN

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú adágún tí ewé omi ti gbà? Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń ṣáájú. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara ògiri àti ilẹ̀ adágún, nítorí pé ewé omi tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri a máa fi ara pamọ́ fún oògùn. A ó wọn ìwọ̀n pH omi, kí ó wà láàárín 7.2 sí 7.8. Ìwọ̀n yìí kì í ṣe àṣejù àwọn onímọ̀. Nígbà tí pH bá wà ní 7.5, nǹkan bí ìdajì kílórínì inú omi ni ó wà ní ipò tí ó ti lágbára jù láti pa kòkòrò. Nígbà tí ó bá gòkè dé 8, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó kù ní ipò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò wọn pH lè máa da owó sínú omi lásán.

Lẹ́yìn náà ni kílórínì púpọ̀ yóò wọlé. Ní ọjọ́ gbogbo, mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan tó. Fún ewé omi, a máa ń gbé e dé 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Adágún tí ó gba 50,000 lítà omi ń fẹ́ 500 gíráàmù ojúlówó kílórínì kí ó tó lè fi 10 lé. Bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun tí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ kílórínì ni a ní, nǹkan bí 770 gíráàmù ni a ó wọ̀n. Ẹni tí ń fi ojú bù ú láti inú agolo lè da ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ síbẹ̀ láìmọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé oòrùn a máa jẹ kílórínì run. Ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìdúró, nítorí pé òkú ewé omi kì í pòórá. Ó di eérú wẹ́wẹ́ tí ń mú omi rí bí omi ògì, asẹ́ ni yóò sì kó o. A ó máa fọ asẹ́ náà lóòrèkóòrè.

Irú oògùn ewé omi kan tún wà tí a fi bàbà ṣe. Ìbátan rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń fín sí kòkó nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú. Bí bàbà bá pọ̀ jù nínú omi, a máa fi àmì sára ògiri adágún, a sì máa sọ irun tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ di àwọ̀ ewé. Kí a dúró títí di àkókò tí a kọ sára agolo irú oògùn bẹ́ẹ̀ kí a tó wọ omi.

Nígbà wo wá ni ó yẹ kí a wọ omi? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan ní kí a sun oorun kan, kí a jí. Àwọn kan ní wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n aago kò mọ iye kílórínì tí ó wà nínú omi. Oòrùn mú kan jẹ kíákíá, òjò fa ti òmíràn sẹ́yìn. Pépà ìdánwò, tàbí ọ̀pá gíláàsì tí a ń kán oògùn sí, ni ó lè sọ òtítọ́. Kí a dúró títí kílórínì yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí mílígíráàmù 4 nínú lítà kan tàbí kí ó kéré sí i, láìjẹ́ pé ó kéré ju 1 lọ. Kí pH wà ní ààyè rẹ̀. Kí a sì lè rí ihò ìfami tí ó wà ní ìsàlẹ̀ omi kedere láti orí ilẹ̀. Nígbà tí ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹnu kò ni kí a tó wọlé.

Bí ojú ti ń tan ni jẹ, bẹ́ẹ̀ ni imú náà ń tan ni jẹ. Òórùn kíkan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní òórùn kílórínì, tí wọ́n sì ń sọ pé òun ni àmì omi tí ó mọ́, kì í ṣe ti kílórínì tí ó ṣì ní agbára. Ó wá láti ara kílórínì tí ó ti so pọ̀ mọ́ òógùn àti ìtọ̀. Òun ni ó sábà máa ń mú ojú ta ni. Adágún tí a tọ́jú dáadáa kì í rùn tó bẹ́ẹ̀.

ÈDÈ ÌKÌLỌ̀

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, a ti kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sára agolo. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ẹni tí ó ra oògùn ní ọ́fíìsì lè kà á. Ẹni tí ó ń bù ú nínú oòrùn lè má lè kà á. Ẹni tí ó ń sanwó láti wọlé kò rí agolo náà rárá. Báyìí ni ìmọ̀ ṣe ń gbé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fọwọ́ kan oògùn, tí oògùn sì ń gbé ọ̀dọ̀ ẹni tí ìmọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwa onílítíréṣọ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ó wà lára agolo wọ̀nyẹn. Ìbátan èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ Yorùbá a máa kúrú, a máa rọrùn láti rántí, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sábà máa ń fi ìdí ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n sọ fún wa pé a kì í jókòó sórí odó. Wọn kì í sábà fi kún un pé oúnjẹ ni à ń gún nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá wá gbọ́njú, tí ó jókòó sórí odó tí nǹkan kan kò sì ṣe é, ó lè pa gbogbo èèwọ̀ yòókù pọ̀ mọ́ irọ́. Ìkìlọ̀ ara agolo ní irú àléébù yìí: ó pàṣẹ, kò ṣàlàyé. Nítorí náà, àbá mi ni pé kí a gba ìrísí èèwọ̀, kí a sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ọn ní gbangba. Mo gbé márùn-ún kalẹ̀.

Èkíní: A kì í da omi lé oògùn, inú omi ni à ń da oògùn sí. Ìdí rẹ̀ ni pé omi díẹ̀ tí ó bá bọ́ sórí oògùn púpọ̀ a máa mú un gbóná lójijì, á ta sí ni lójú, á sì yọ èéfín olóró. Nítorí èyí náà ni a kì í fi ife tútù bu ìyẹ̀fun kílórínì.

Èkejì: A kì í po oògùn méjì pọ̀. Kílórínì tí ó bá pàdé ásíìdì a máa di afẹ́fẹ́ tí ń fún ni lọ́fun. Irú afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ẹni tí kò ní adágún kankan náà gbọdọ̀ gbọ́ èyí, nítorí pé bílíìsì tí a fi ń fọ aṣọ funfun àti oògùn ìfọ-ṣáláńgá tí ó ní ásíìdì lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Oríṣi kílórínì méjì tí kò jọra pàápàá lè gbiná bí a bá dà wọ́n pọ̀ sínú agolo kan.

Ẹ̀kẹta: A kì í fi aago nìkan ṣí adágún. Ìdí rẹ̀ ni èyí tí mo ti sọ: wíwọ̀n ni ó mọ̀.

Ẹ̀kẹrin: A kì í wọ omi tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rì síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rí i.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe kì í wọ adágún. Kòkòrò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cryptosporidium, tí ó lè wà láàyè ju ọjọ́ méje lọ nínú omi tí kílórínì rẹ̀ pé. Omi tí ó yege nínú gbogbo ìdánwò tí mo kà sílẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé àìsàn wọ inú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn tí ń tọ́jú adágún ti mọ iṣẹ́ wọn, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wà nídìí rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Ẹni tí ó ti bu oògùn nígbà ẹgbẹ̀rún láìsí wàhálà ni ó kọ́kọ́ máa ń bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ó ní ìdí nínú ni ó lè dúró pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù.

Ọ̀ràn ọ̀rọ̀ tuntun tún kù. Àwọn onímọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi láti wá èdè ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀, mo sì wà lára àwọn tí ń jèrè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, nínú ìkìlọ̀ ewu, ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ni kí a lò. Kílórínì ti di tiwa. Ásíìdì ti di tiwa. Ilé ẹni tí ń gba bátìrì ọkọ̀ ni ó gbà wọlé. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun rọ́pò wọn nítorí ẹwà èdè, a ti da aṣọ bo ewu náà lẹ́ẹ̀kejì.

ÌKÁDÌÍ

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa àti ẹ̀ka kẹ́místírì jókòó pọ̀, kí a kọ ojú ewé kan ṣoṣo ní Yorùbá tí ó já gaara, kí a kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ń tọ́jú adágún ní òtẹ́ẹ̀lì àti ní ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sọ fún wa ibi tí kò ti yé wọn, kí a tún un kọ, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ẹni tí ń sanwó wọlé náà yóò ti rí i. Kí a kọ ìwọ̀n kílórínì àti pH ti òwúrọ̀ ọjọ́ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ wọ inú omi ní ẹ̀tọ́ láti kà á.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n a máa gba ohunkóhun tí a bá dà sínú rẹ̀, kì í sì í sọ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa tí a ní ẹnu ni a gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́.